Ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ ní Niamey: ṣé omi tó ń kán lè tó o?

Ẹni tó bá wọ Petit Marché ní àárín gbùngbùn Niamey á bá àlùbọ́sà, tòmátì àti ewébẹ̀ láti oko etí Odò Ọya. Ti ìrẹsì yàtọ̀. Éṣíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí ará ìlú ń jẹ ti ń wá, èbúté Cotonou ló sì máa ń gbà wọlé títí di ọdún 2023. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Íńdíà fòfin de títa ọ̀pọ̀ ìrẹsì funfun sókè òkun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ológun gbàjọba ní Niger, ECOWAS sì ní kí wọ́n ti ẹnubodè. Ojú aráàlú rí màbo, ìrẹsì gbówó lérí.

Ṣé Niger ò wá lè gbin púpọ̀ sí i fúnra rẹ̀ ni? Òjò Niamey kì í sábà ju nǹkan bíi 550 mìlímítà lọ lọ́dún, oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ló sì ń rọ̀ jù. Ìyẹn kéré fún ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ, irú Ọ̀fadà tiwa. Ibẹ̀ ni páìpù ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Kò pọn dandan kí ìrẹsì dúró nínú omi. Iṣẹ́ ńlá tí omi àbàtà ń bá àgbẹ̀ ṣe ni pé ó ń pa èpò. Páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò wínníwínní lára ni wọ́n ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ poro; omi á máa kán tó, tó, tó sí ìdí ọ̀gbìn, kò ní ṣàn dànù. Ilé ìwádìí ICRISAT ní Sadoré, tí kò jìnnà sí Niamey, ti fi irú rẹ̀ gbin ewébẹ̀ àti èso láti ọdún pípẹ́. Irúgbìn tó yá náà wà: NERICA, tí Monty Jones ọmọ Sierra Leone torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 2004, kì í ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ kó tó gbó.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ń bẹ. Bí omi ò bá bo ilẹ̀, èpò á gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ odò a máa dí ihò rọ́bà bí asẹ́ kò bá sí. Bí ooru bá sì ju 35 lórí ìwọ̀n Celsius lọ nígbà tí ìrẹsì ń tanná, èèpo òfìfo ló máa pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, Niamey máa ń kọjá 40. Owó rọ́bà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi náà kì í ṣe kékeré, tòmátì sì ń tètè dá a padà ju ìrẹsì lọ.

Lójú tèmi, ìgbà òjò ni kí àgbẹ̀ Niger fi páìpù gbin ìrẹsì, lórí ilẹ̀ kékeré, kó lè gba ọ̀gbìn là bí òjò bá dá. Owó ńlá ìjọba, oko ìrẹsì etí odò tí ONAHA, iléeṣẹ́ ìjọba Niger tó wà fún oko olómi, ń bójú tó ni kó kọ́kọ́ lọ, torí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń kórè níbẹ̀.