Ìsédò Dasin Hausa: Ta Ni Yóò Gbọ́ Ti Àwọn Tí Yóò Fi Ilé Sílẹ̀?

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ọkàn àwọn ará wa tí ń gbé ní bèbè odò Bẹ́núé kì í balẹ̀ mọ́. Láàárín 1977 sí 1982 ni orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ṣe ìsédò ńlá, èyí tí a mọ̀ sí dáàmù, sí Lagdo, nítòsí ìlú Garoua. Bí adágún rẹ̀ bá kún, wọn a ṣí i sílẹ̀, omi a sì rọ́ wọ Adamawa, títí yóò fi dé Lọ́kọ́jà, níbi tí Bẹ́núé ti pàdé odò Ọya. Ní 2012, àkúnya omi pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ní 2022, àwọn tí ó kú ju 600 lọ.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ó yẹ kí Nàìjíríà ti ṣe ìsédò tirẹ̀ sí Dasin Hausa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Fufore, kí ó lè gba omi Lagdo dúró, kí ó pèsè iná mànàmáná 300 mẹ́gáwáàtì, kí àwọn àgbẹ̀ sì rí omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Lagdo ti parí. A kò tíì rí Dasin. Ìbínú àwọn ènìyàn kò ṣàìnídìí. Ṣùgbọ́n Suleiman Adamu, tí ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ omi ní 2022, sọ pé òjò tí ń rọ̀ sórí ilẹ̀ wa gan-an ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkúnya náà.

Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwáwí lásán. Òkè odò ni Dasin wà. Odò Gongola wọ inú Bẹ́núé ní Numan, ìlú tí olú-ilé ìjọ Lutheran Church of Christ in Nigeria wà. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni Taraba, Donga àti Katsina-Ala tún ti wọ̀ ọ́. Ìsédò Dasin kò lè dá ẹ̀kán kan dúró nínú omi wọ̀nyí. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther bá ọkọ̀ Pleiad gòkè odò yìí ní 1854, àkókò òjò ni wọ́n lọ, kí omi lè tó ọkọ̀ gbé. Kò sí Lagdo nígbà náà.

Èmi kò sọ pé kí a má ṣe ìsédò. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni pé nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ekukáká ni a fi ń gbọ́ ti àwọn tí oko àti sàréè baba wọn yóò wà lábẹ́ adágún tuntun náà. Nígbà tí a kọ́ Kainji, láàárín 1964 sí 1968, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni a ṣí nípò. Bussa àtijọ́ wà lábẹ́ omi títí di òní. A tẹ New Bussa dó fún wọn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè kó ilẹ̀ àkúrọ̀ lọ síbòmíràn?

Ìjọ a máa kó aṣọ àti oúnjẹ jọ lẹ́yìn tí omi bá ti ṣe ọṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ó dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jósẹ́fù kò dúró di ọdún ìyàn kí ó tó kọ́ àká. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn abúlé tí omi yóò bò, àti ìgbà tí a óò san owó ilẹ̀ wọn. Àwọn àlùfáà tí ìjọ wọn wà létí odò sì lè máa ka ìkìlọ̀ àjọ NIHSA, tí ń ṣọ́ omi odò wa, fún ìjọ ní èdè ìbílẹ̀ láti oṣù kẹjọ, yálà a kọ́ Dasin tàbí a kò kọ́ ọ.