Omi Ẹ̀gẹ́ àti Ọṣẹ Bakitéríà

Níbikíbi tí a bá ti ń ṣe gàrí, omi a máa ro láti ara àpò tí a fi òkúta tàbí ẹ̀rọ tẹ̀. Omi yìí ní májèlé sáyánáìdì nínú. Ibi tí ó bá ń ṣàn sí, koríko a máa gbẹ. Bí ó bá sì wọ odò, ẹja a máa kú. Nítorí náà ni a ṣe kà á sí ohun ìdànù. Síbẹ̀, ṣúgà àti sítáàṣì ṣì kù nínú rẹ̀, oúnjẹ gidi sì ni ìwọ̀nyí fún àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí.

Ọ̀kan nínú wọn ni bakitéríà tí à ń pè ní Bacillus subtilis. Kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ó wà lára àwọn tí ń sọ wóró irúgbá di irú. Ní 1968, Arima àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan kéde pé ó ń mú ohun kan jáde tí ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ. Surfactin ni wọ́n pè é.

Kí ni iṣẹ́ ọṣẹ? Ojú omi dì mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò kan ń rìn lórí rẹ̀ láì rì. Irú ìdìmọ́ra bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi àti epo dà pọ̀. Ọṣẹ a fi apá kan di omi mú, a fi apá kejì di epo mú, ìdìmọ́ra náà a sì rọ̀. Ti omi lásán jẹ́ 72 mN/m. Surfactin díẹ̀ a fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 27.

Owó ni ìdíwọ́ rẹ̀, nítorí oúnjẹ bakitéríà wọ́n. Ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe omi ẹ̀gẹ́ ní manipueira, Nitschke àti Pastore fi hàn ní 2006 pé omi ìdànù yìí lè bọ́ Bacillus. A ó se omi náà, a ó sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò, a ó fi bakitéríà sí i, a ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Yóò hó; inú ìfófòó náà ni surfactin ń kó jọ sí. Bí a bá da ásíìdì sí i, surfactin a sì sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní ayé. Iṣẹ́ tí ó kù ni bí a ó ti gba omi yìí jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn onígàrí kéékèèké kí ó tó bàjẹ́, kí ohun tí ń pa ẹja lónìí lè di ohun tí ń fọ epo kúrò lójú odò.