Ẹfọ̀n

Ẹfọ̀n, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Syncerus caffer, jẹ́ ẹranko afọ́mọlọ́mú ńlá tí ó ń jẹ koríko ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbátan màlúù ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Ó wà lára àwọn ẹranko tí ọdẹ ń bẹ̀rù jù lọ.

Ìrísí àti ìgbé ayé

Akọ àti abo ẹfọ̀n ni ó ní ìwo. Ẹfọ̀n inú igbó kìjikìji a máa pupa, kò sì sábà ju 320 kg lọ. Ti gúúsù Áfíríkà dúdú, akọ rẹ̀ sì lè tó 900 kg. Abo a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù 11 kí ó tó bí ọmọ kan. Agbo ni wọ́n ń kó rìn, àmọ́ akọ tí ó ti dàgbà lè máa dá rìn.

Ìyàtọ̀ láàárín ẹfọ̀n àti bison

Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi orúkọ kan náà pe ẹfọ̀n àti bison, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Bison ní iké léjìká àti irùngbọ̀n. Ní ọgbà Yellowstone, òfin ni pé kí àlejò jìnnà sí i tó mítà 23, ó kéré tán.

Nínú àṣà Yorùbá

Nínú ìtàn ìbílẹ̀, Ọya a máa di ẹfọ̀n. Ìdí nìyí tí ìwo ẹfọ̀n fi wà lójúbọ rẹ̀, tí àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń gbá ìwo méjì mọ́ra láti pè é. Àwọn oníjàálá náà a máa ki ẹfọ̀n.

Ibi tí a ti lè rí i

Ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Mápó ní Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ rí ẹfọ̀n nínú igbó yóò forí lé ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni Ọgbà Ẹranko Orílẹ̀-èdè ti Ọ̀yọ́ Ilé wà, tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, àwókù Ọ̀yọ́ Ilé sì wà nínú rẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti lọ, nítorí pé koríko ti gbẹ, àwọn ẹranko sì ń wá sí etí omi.

Bí a ṣe lè wò ó láìfarapa

* Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni kí ó ṣáájú. Kí a má ṣe dá wọ igbó.
* Kí a má ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìgbàṣẹ.
* Kí a má ṣe dúró sáàárín ìyá àti ọmọ, tàbí sáàárín agbo àti omi.
* Kí a yẹra fún èyí tí ó dá wà.
* Bí ó bá gbé imú sókè, tí ó tẹjú mọ́ni, tí ó sì ń mi orí, kí a rọra fà sẹ́yìn.
* Ẹfọ̀n lè sáré tó 55 km ní wákàtí kan. Bí ó bá lé ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, igi ni kí ó gùn.

Ewu àti ìdáàbòbò

Láti ọdún 2019 ni àjọ IUCN ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tí ó súnmọ́ ewu àkúrun. Ìpẹran láìgbàṣẹ wà lára ohun tí ó fà á. Ẹfọ̀n tí ọta ìbọn bà tí kò kú a máa lúgọ sínú igbó, a sì máa kọlu ẹni tí ó bá kọjá. Nítorí náà, ìbọn tí a yìn lónìí lè di ewu fún arìnrìn-àjò tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ lọ́la.