Ìwé Ìrántí Àwọn Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Ó Jábọ́ Nígbà Ogun, àti Bí Ará Ajah àti Lekki Ṣe Lè Wádìí Wọn

Ẹ̀yin ará wa, bí bàbá arúgbó kan ní Badore tàbí ní Sangotedo bá sọ fún wa pé òun gbọ́ lẹ́nu bàbá òun pé bàálù kan já sínú òkun nígbà ogun Hitler, kí ni kí á fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Àwọn ẹlòmíràn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní àlọ́ lásán ni. Àwọn ẹlòmíràn a gbà á bẹ́ẹ̀ láìwádìí, nígbà tí wọn bá sì ń tún un sọ, bàálù kan a di mẹ́ta. Àwa kò fara mọ́ ìhà kan nínú méjèèjì. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe é wádìí, nítorí pé ó jẹ́ àṣẹ nígbà náà pé bí ọkọ̀ òfúrufú ogun Gẹ̀ẹ́sì bá jábọ́, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà sì wà títí di òní.

Kí á tó dé ibi ìwé, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó gbé ọkọ̀ òfúrufú ogun dé sánmà Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Ítálì wọ ogun lẹ́yìn Jámánì, òkun Mẹditaréníà sì di ọ̀nà ewu fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kó ọkọ̀ òfúrufú sínú àpótí wá sí Takoradi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń wà wọ́n lọ sí Èkó, Kánò, Màídúgùrì àti Khartoum, títí dé Íjíbítì. Àwọn àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Kí ọdún 1943 tó parí, iye tí ó gba ọ̀nà náà ti ju 5,000 lọ, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè yára sọ pé bàálù tí a ní ó já sí ẹ̀bá Ajah ní láti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí ó ṣe sùúrù. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ará Takoradi ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì kúrò ní Èkó, ìhà àríwá ni wọ́n ń kọrí sí. Ajah àti Lekki wà ní ìlà-oòrùn Èkó. Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lójú òkun gan-an ni àwọn tí ń ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì; nítorí ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi tí à ń pè ní U-69 ri bọ́ǹbù sínú omi lẹ́nu èbúté Èkó àti ti Takoradi. Ní ọdún 1943, Ẹgbẹ́ 270 ti RAF kó kúrò nítòsí Freetown ní Sàró wá sí Apapa. Catalina ni wọ́n kọ́kọ́ ń wà, lẹ́yìn náà Sunderland, àwọn ọkọ̀ òfúrufú ńláńlá tí ń bà sórí omi bí pẹ́pẹ́yẹ. A tú ẹgbẹ́ náà ká ní oṣù kẹfà ọdún 1945. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a ń wádìí, ìwé Ẹgbẹ́ 270 ni a ó kọ́kọ́ ṣí.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwé ojoojúmọ́ tirẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Form 540, pẹ̀lú Form 541 tí ó tẹ̀lé e. Nínú wọn ni a ń kọ ẹni tí ó fò, aago tí ó gbéra, ohun tí ó rí, àti aago tí ó padà. Ibi tí a kò bá rí aago ìpadàbọ̀, níbẹ̀ ni àyà òǹkàwé ti máa ń já. Ìwé àwọn ẹgbẹ́ wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ àmì AIR 27. Ti àwọn ibùdó wà lábẹ́ AIR 28. Káàdì kékeré kan tún wà, Form 1180, tí ó ń sọ nọ́mbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, iye wákàtí tí ó ti fò rí, àti ohun tí wọ́n rò pé ó fa jàm̀bá náà. Àwọn káàdì wọ̀nyí wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RAF ní Hendon. Ọ̀rọ̀ inú wọn gbẹ, kò sì ju ìlà mélòó kan lọ. Èyí tí ọkàn wa fà sí jù ni àwọn fáìlì àwọn tí ó kú tàbí tí ó sọnù, tí ó wà ní Kew lábẹ́ AIR 81, nítorí nínú wọn ni a ti lè bá ìwé tí ìyá tàbí ìyàwó kọ láti béèrè ibi tí ẹni wọn wà. A ń ṣí àwọn fáìlì wọ̀nyí fún aráyé díẹ̀díẹ̀, ní títẹ̀lé ọjọ́ jàm̀bá, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1939. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, kí a má fi àkókò ṣòfò ní Lọ́ńdọ̀nù: ìwé jàm̀bá tiwọn wà ní Maxwell, ní ìpínlẹ̀ Alabama.

Ọjọ́ àti nọ́mbà ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìwé wọ̀nyí. Lẹ́tà kan pẹ̀lú nọ́mbà mẹ́rin, tàbí lẹ́tà méjì pẹ̀lú nọ́mbà mẹ́ta, ni a ń kọ sí ara ọkọ̀ òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ní irin tí a kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ní ti ọjọ́, a kì í béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà pé ọjọ́ mélòó nínú oṣù wo ni. Ẹ bi bàbá bóyá gàrí Pullen ti wà nígbà náà. Captain Pullen ni ìjọba fi ṣe alábòójútó owó oúnjẹ l'Ékòó láti ọdún 1941, àwọn ìyá wa tí ń ta gàrí kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹ bi í bóyá ó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945. Ẹ bi í bóyá ọyẹ́ ni ó bo ojú ọ̀run, tàbí òjò. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lè sọ ọdún mẹ́fà di oṣù mélòó kan. Akọ̀wé tí ó jókòó sí Apapa mọ ọjọ́ àti wákàtí, ṣùgbọ́n kò mọ Langbasa yàtọ̀ sí Badore. Apẹja mọ ibi tí nǹkan já sí, kò sì mọ ọjọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kàn wá nínú òkú àjèjì? Ẹ jẹ́ kí á ronú nípa ọmọ Èkó kan, Peter Thomas, ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Stella Thomas tí ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí RAF fi joyè ọ̀gá, ní ọdún 1942. Jàm̀bá ọkọ̀ òfúrufú pa á ní Ìlú Ọba ní ọdún 1945, a sì sin ín sí Bath. Àjèjì ni ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó ní ibojì, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí òkúta. Àwọn tí ó fò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kò rí òkú wọn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ara ọwọ̀n ìrántí kan ní Malta ni a kọ orúkọ wọn sí, láàrin àwọn bí 2,300. Ìdílé tí ń ka orúkọ ọmọ wọn níbẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ní etí òkun tiwa ti gbọ́ ibi tí ó sùn sí.

Àkókò sì ń lọ. Àwọn tí ó fi ojú rí ogun náà kò pọ̀ láyé mọ́. A ti fi yanrìn dí àbàtà púpọ̀ láti Ìkòyí dé Ajah, ilé sì ti bò ó. Ní ìhà Lekki, èbúté ńlá tí a ṣí ní ọdún 2023 wà níbi tí apẹja nìkan ń rìn tẹ́lẹ̀. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ bá kọ́ irin àjèjì, kí ó má ṣe fi òòlù lù ú, kí ó má sì tà á fún àwọn tí ń ra irin jákujàku. Àwọn ọkọ̀ tí ń ṣọ́ òkun a máa ru bọ́ǹbù, ọdún púpọ̀ nínú omi kò sì sọ bọ́ǹbù di òkúta. Kí ó pe ọlọ́pàá, kí ó sì fi ojú sàmì sí ibẹ̀.

Kò pọn dandan kí ẹni tí kò lówó ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì, iṣẹ́ tí Kenneth Dike jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1954. Ìwé Kọmíṣọ́nnà Kọ́lọ́nì Èkó wà níbẹ̀, ti Ẹ̀pẹ́ náà sì wà. Kí a má ṣe béèrè bàálù nìkan. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí ó bá fún àwọn apẹja ní owó nítorí òkú tí wọ́n gbé ti inú òkun wá lè kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, tàbí ti ọkọ̀ ojú omi, tàbí sínú ìwé ìnáwó. Nítorí náà, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìròyìn ọdọọdún ti àgbègbè náà, láti 1941 dé 1945, kí a sì máa kọ nọ́mbà fáìlì kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣí sílẹ̀, àní èyí tí a kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún un ṣí.