Efínrín Ńlá: Ìrísí, Òórùn àti Ìdánimọ̀ Rẹ̀ ní Mainland Èkó

1. Ìfáàrà

Ní Yaba, Súrùlérè àti Múṣín, níbi tí símẹ́ńtì kò bá tíì bo ẹ̀yìnkùlé tán, efínrín wà lára ewéko tí a máa ń bá níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro. Wọ́n ń fi í sí ọbẹ̀, wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ mu nítorí inú rírun. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ń há, ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá já a ní ilé ti di ẹni tí ń rà á ní ọjà, bí i Ojúwòyè ní Múṣín. Ẹni tí ó gbin efínrín mọ ohun tí ó gbìn. Ẹni tí ó rà á, orúkọ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé orúkọ nìkan kò tó láti fi dá efínrín mọ̀.

2. Orúkọ rẹ̀

Ewéko méjì ni a sábà máa ń pè ní efínrín. Èkíní ni efínrín ńlá, Ocimum gratissimum. Èkejì ni efínrín wẹ́wẹ́, Ocimum basilicum. Linnaeus ni ó fún àwọn méjèèjì ní orúkọ wọ̀nyí ní ọdún 1753. Ìtumọ̀ gratissimum ní èdè Látìnì ni èyí tí ó dùn mọ́ni jù lọ. Ìdílé Lamiaceae, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Labiatae, ni àwọn méjèèjì ti wá. Ohun tí àwọn ìwé kan tẹ́lẹ̀ ń pè ní Ocimum viride kò yàtọ̀ sí efínrín ńlá.

3. Ìrísí rẹ̀

Igi kúkúrú tí ó máa ń ya ẹ̀ka púpọ̀ ni efínrín ńlá. Kì í sábà ga ju mítà 2 lọ. Ìdí rẹ̀ a máa le bí igi, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ tí ó ṣì tutù ní igun mẹ́rin. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní méjì méjì, tí wọ́n kọjú sí ara wọn. Etí ewé náà sì rí bí eyín ayùn. Òdòdó rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ kò funfun tán; mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń yí ọ̀pá ká ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé títí dé orí. Bí òdòdó bá rẹ̀, èèpo tí ó gbé e dúró yóò pa ẹnu dé mọ́ kóró mẹ́rin.

Kóró wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ti efínrín ńlá rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀; bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi, kò ní yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ti efínrín wẹ́wẹ́ dúdú, ó sì gùn díẹ̀. Kò ní pẹ́ nínú omi tí yóò fi yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ilá.

4. Òórùn rẹ̀

Inú àwọn àpò wínníwínní tí ó wà lára ewé ni epo olóòórùn efínrín ń gbé. Bí a kò bá tẹ àpò náà fọ́, epo tí yóò jáde kò tó nǹkan. Ní ọdún 1903, ìròyìn tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá gbin efínrín yí ilé ká, yóò lé ẹ̀fọn. Dókítà W. T. Prout dán an wò ní Freetown. Ó rí i pé igi tí ó dá dúró kò lé ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n èéfín ewé tí a bá sun ní agbára lórí wọn.

Epo yìí a máa bá ooru lọ. Bí a bá se ewé náà pẹ́ nínú ìkòkò tí kò ní ọmọrí, òórùn tí ń gba ilé kan ni epo tí ń kúrò nínú ìkòkò. Ìdí nìyí tí ó fi bọ́gbọ́n mu pé kí alásè rẹ́ efínrín sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná.

5. Orúkọ kan, epo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní ọdún 1969, El-Said, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí lílo efínrín nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà. Thymol, tí ó lè pa kòkòrò àìfojúrí, ni ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú epo efínrín ńlá ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n irú kan wà ní Kẹ́ńyà tí ó jẹ́ pé eugenol ni ó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀. Ojú lásán kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bákan náà, ohun tí epo ṣe nínú àwo ìdánwò kò tíì di ẹ̀rí pé àgbo yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ara ènìyàn.

6. Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé ìpele mẹ́ta ni ìdánimọ̀ efínrín ní: orúkọ ní ẹnu, ìrísí ní ojú, àti irú epo nínú ewé. Olùwádìí tí ó bá ra efínrín ní ọjà tí kò sì tọ́jú ẹ̀ka rẹ̀ kan, tòdòdó tòdòdó, sí ilé àkójọ ewéko gbígbẹ, irú èyí tí ó wà ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, kò fi ohun tí ẹlòmíràn yóò fi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣì ní ẹsẹ̀ bàtà kan ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí ó gbin efínrín tí ó mọ̀ sí i, ti pa ọbẹ̀ mọ́, ó sì ti pa ẹ̀rí mọ́.