Nígbà Tí Ọ̀nà Ọ̀fun Bá Fún

Yàtọ̀ sí ọṣẹ dúdú tí a ń fi eérú ṣe, sódà ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ tà ní Èjìgbò, Ìlawó tàbí Ifẹ̀-Òdàn máa ń lò. Wọ́n á ti rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Bó bá tòrò tán, ojú kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí omi mímu, pàápàá bó bá wà nínú ike omi. Ibẹ̀ lọmọdé ti ń gbé e mu.

Iṣẹ́ tí sódà ń ṣe fún àdín tí a fi ń ṣe ọṣẹ náà ló ń ṣe lára ènìyàn: ó ń sọ ọ̀rá ara di ọṣẹ, ó ń yọ́ ẹran, ó sì ń wọlé lọ sísàlẹ̀. Ẹ má ṣe fún ọmọ náà ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀, ó sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ohun tó ń tan òbí jẹ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìrora á lọ, ọmọ á tún máa mu ẹ̀kọ. Àmọ́ ojú ọgbẹ́ tó ń jinná a máa sún kì. Bí ọgbẹ́ bá yí ọ̀nà ọ̀fun ká, bí àpá ṣe ń sún kì ni ihò ń kéré sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù méjì ló sábà máa ń hàn. Iyán ló ń kọ́kọ́ há, ìrẹsì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ, títí dórí itọ́. Ìgbà yẹn làwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.

 

Ní ilé ìwòsàn ńlá bíi OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n á ti okùn tó ní iná lórí bọ ọ̀fun láti wò ó, wọ́n á wá fẹ ibi tó fún náà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá kánjú, ó lè ya. Àpá náà tún lè fún padà, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi ń lọ léraléra. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n lè gé lára ìfun ńlá fi rọ́pò ọ̀nà ọ̀fun.

Ní Amẹ́ríkà, Dókítà Chevalier Jackson rí irú àwọn ọmọ báyìí lọ́pọ̀, ó sì jà títí ìjọba fi ṣòfin ní ọdún 1927 pé kí wọ́n kọ ọ́ sára agolo sódà pé májèlé ni. Ní ọjà wa, inú ọ̀rá lásán ni wọ́n sábà ń wọ̀n ọ́n sí. Ẹ̀yin tó ń rẹ sódà lálẹ́, kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e sókè. Bí ọmọ bá sì ti gbé e mu, ẹ mú un padà lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa.