Ìgbà Tí Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà Lè Ṣí Ẹrù Ẹni Láìsí Ìwé Àṣẹ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1973, àwọn kan gbé àpótí ńlá kan sínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú San Diego, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Boston ni ọkọ̀ náà ń lọ. Àpótí yìí wúwo jù, pàúdà sì ń jò lára rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè fura, nítorí pé pàúdà ni àwọn tó ń gbé igbó fi máa ń bo òórùn rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dé Boston, ajá àwọn agbófinró gbọ́ òórùn igbó náà. Àwọn tó ni àpótí gbé e sínú bùútù mọ́tò. Kí mọ́tò tó ṣíná, wọ́n ti mú wọn. Wọ́n gbé àpótí lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì ṣí i lẹ́yìn bíi wákàtí kan àbọ̀. Igbó ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ lè ní, “Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.” Rárá o. Ní 1977, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ sọ pé àwọn agbófinró náà rú òfin. Kí ló dé? Àpótí ti wà lọ́wọ́ ìjọba, àwọn tó ni ín ti wà ní àhámọ́. Ta ló fẹ́ gbé e sá? Kí ni wọ́n wá ń kánjú sí? Wọn ì bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí wọ́n tó ṣí i. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti dáàbò bo ara, ilé, ìwé àti ẹrù ẹni láti 1791. Bí ọlọ́pàá bá ní ìdí tó dájú, ó lè mú ẹrù dání títí ìwé yóò fi dé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tú u.

Mọ́tò yàtọ̀ ṣá, torí ó lè sá lọ. Láti 1925 ni wọ́n ti gbà pé ọlọ́pàá tó ní ìdí pàtàkì lè yẹ mọ́tò wò láìsí ìwé. Ní 1991 wọ́n ní ó lè ṣí báàgì tó wà nínú mọ́tò pẹ̀lú, bó bá ní ìdí láti gbà pé ohun tó ń wá wà nínú báàgì náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wá, kí ni wọ́n ń wá nínú pọ́ọ̀sì? Wọn ò gbọdọ̀ ṣí i.

Bí wọ́n bá mú ènìyàn, wọ́n lè yẹ ara rẹ̀ wò àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ti tẹlifóònù alágbèéká kò rí bẹ́ẹ̀: láti 2014, ìwé àṣẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó wo inú rẹ̀.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ọlọ́pàá béèrè pé, “Ṣé mo lè wò ó?” Ẹni tó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni” ti fún un láṣẹ. Ó lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun kò gbà. Bí wọ́n bá tú u síbẹ̀, kó má bá wọn jà. Lọ́yà ni yóò bá a sọ ọ́ ní kóòtù.

Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pápákọ̀ òfuurufú ńkọ́? Àwọn lè ṣí ẹrù ẹni tó ń wọ Amẹ́ríkà bó ṣe wù wọ́n. Báàgì ẹ̀gúsí tí ìyá rán sí ọmọ, wọ́n lè tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn.